Ibi Tí Ó Yẹ Kí A Dúró Sí Nígbà Tí Òṣùpá Bá Bo Oòrùn Lójú

Nígbà tí a ní kí n wá sọ ìtàn kan tí ó kan Òṣòdì, ọ̀pọ̀ nínú yín ti rò pé ìtàn Lándùjí Òṣòdì Tápà ni n ó mú wá, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Núpé wá, tí ó sì di ìjòyè pàtàkì lábẹ́ Ọba Kòsọ́kọ́ ní Èkó. Tàbí ìtàn ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ìhín kọjá láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ìtàn rere ni wọ́n, a sì ti gbọ́ wọn. Ìtàn tèmi jẹ́ ti òjìji kan tí ó kọjá lẹ́bàá wa tí kò sì wọlé tọ̀ wá, àti ti bí àwọn ọmọ ènìyàn ti ń ṣe láti mọ ibi tí wọn yóò dúró sí kí irú òjìji bẹ́ẹ̀ lè bò wọ́n. Àṣìṣe ara mi ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, èmi àti ìyá mi jókòó ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òṣòdì, a ń retí pé kí ilẹ̀ ṣú. Ìyá mi ti rí òkùnkùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tí ó wà ní ọmọdébìnrin, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1947. Ó máa ń sọ fún wa bí àwọn adìyẹ ti wọlé sùn, bí àwọn ìràwọ̀ ti yọ, àti bí ohun kan tí ó dàbí adé funfun ti yí oòrùn dúdú ká. Bí ó ti gbọ́ lórí rédíò pé òṣùpá yóò tún bo oòrùn lójú, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ mí pé kí n mú òun lọ sí Lomé, nítorí a ti kéde pé ibẹ̀ yóò ṣú pátápátá. Èmi ni mo dá a lóhùn pé kò sí ìdí tí àgbàlagbà yóò fi máa jó lójú ọ̀nà Sèmè àti Kútọnu nítorí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ní, “Ìyá mi, nínú ìdá mẹ́wàá oòrùn, òṣùpá yóò bò ju mẹ́sàn-án lọ ní Èkó níhìn-ín. Kí ni ẹ tún ń wá?”

Òṣùpá bò ó bí mo ti wí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá gba ojú ọ̀run kan. Lábẹ́ igi máńgòrò wa, ìmọ́lẹ̀ tí ń gba àárín ewé bọ́ sílẹ̀ di oòrùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí a gé, mo sì pe àwọn ọmọ wá wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń tajà lẹ́bàá ojú irin kò dákẹ́ ariwo wọn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń pe èrò sínú ọkọ̀ kò dákẹ́ tiwọn, adìyẹ kan kò sì ronú àtisùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ọjọ́ tún mọ́. Ìyá mi ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó dìde kúrò lórí àpótí, ó ní, “Èyí kọ́, ọmọ mi. Èyí kọ́.” Kò bá mi jà. Ó lọ gbé ìkòkò rẹ̀ kaná.

Òun ni ó tọ̀nà. Mo ti fi ọgbọ́n ìṣirò ọjà ṣe ìṣirò ohun tí kì í ṣe ọjà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ìlọ́po 400,000 ti òṣùpá àrànmọ́jú. Nítorí náà bí a bá bo oòrùn tí ó fi ku ìdá kan ṣoṣo nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ó kù náà ṣì mọ́lẹ̀ ju òṣùpá kíkún lọ ní ìlọ́po 4,000. Adé funfun tí ìyá mi rí ní ìgbà èwe rẹ̀ wà ní ara oòrùn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ ni ó ń pa á mọ́ lójú wa, àfi bí a bá bo gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá rí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún dàbí ẹni tí ó rìn títí dé ẹnubodè ìlú tí ó wá padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Fífẹ̀ oòrùn tó nǹkan bí ìlọ́po 400 ti òṣùpá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jìnnà sí wa tó nǹkan bí ìlọ́po 400 jíjìnnà òṣùpá. Nítorí náà ni àwọn méjèèjì fi dọ́gba lójú wa. Nígbà tí òṣùpá bá bọ́ sí àárín gan-an, ṣóńṣó òjìji rẹ̀ ni ó ń kan ilẹ̀ ayé, ìlà tóóró kan ni ó sì ń fà bí ó ti ń sáré lọ. Ti ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀ ní Brazil ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó la òkun kọjá, ó gúnlẹ̀ sí Gánà, ó bo Accra àti Lomé, ó la ilẹ̀ Benin já sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó gba Niger àti Chad lọ sí Libya, Ejibiti àti Tọ́kì. Fífẹ̀ rẹ̀ kò tó 190 kìlómítà níbi tí ó fẹ̀ jù. Àwọn tí ó wà ní Accra wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn tí ó wà ní aṣálẹ̀ Libya fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀. Èkó wà lẹ́yìn odi. Bí ènìyàn bá jókòó sójú kan tí kò kúrò níbẹ̀, ní ìṣirò àròpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí ọdún 375 ni irú òjìji bẹ́ẹ̀ yóò kan án. Ta ni yóò dúró dè é? Nítorí náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé fi ń dìde lọ pàdé rẹ̀, ìtàn lílọ wọn ni mo sì fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

Etí ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1893 àwọn kan ti Gẹ̀ẹ́sì wá sí Foundiougne ní Senegal nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nínú gbogbo wọn ṣẹlẹ̀ ní Príncipe, erékùṣù kékeré inú òkun tiwa níhìn-ín, tí kò ju nǹkan bí 700 kìlómítà lọ sí Èkó, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919.

Ọ̀ràn náà ni èyí. Albert Einstein ti kọ́ni pé ìwúwo oòrùn a máa tẹ ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, àwọn ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́bàá oòrùn yóò dàbí ẹni pé wọ́n yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ààyè wọn. Ta ni ó sì lè rí ìràwọ̀ lẹ́bàá oòrùn, bí kò ṣe nígbà tí òṣùpá bá bò ó tán? Frank Dyson, olórí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti wòye láti ọdún 1917 pé ní ọjọ́ tí mo dárúkọ yìí, oòrùn yóò wà níwájú agbo ìràwọ̀ tí a ń pè ní Hyades, tí ìràwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì pọ̀. Ẹ kíyèsí i pé àkókò ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, kí wọn tó yan ibi. Òkùnkùn ọ̀sán pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èyí tí ó bọ́ sí àárín irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí wọ́n wá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ kalẹ̀, wọ́n rí i pé apá tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀nà òjìji náà jẹ́ omi òkun. Ibi méjì ni wọ́n mú: Sobral ní àríwá Brazil, àti Príncipe. Wọn kò kó gbogbo ẹyin wọn sínú agbọ̀n kan, nítorí ìkùukùu kan ṣoṣo lè sọ iṣẹ́ ọdún méjì di asán. Andrew Crommelin àti Charles Davidson lọ sí Sobral. Arthur Eddington, pẹ̀lú Edwin Cottingham tí í ṣe alágògo, wá sí Príncipe. Ogun ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní oṣù Kọkànlá ọdún 1918, ó sì jẹ́ pé ní oṣù Kẹta ọdún 1919 ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ní Liverpool. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ni Eddington gúnlẹ̀ sí erékùṣù náà. Oko kòkó kan tí a ń pè ní Roça Sundy ni wọ́n tẹ̀dó sí, àwọn òṣìṣẹ́ oko náà, ọmọ Adúláwọ̀ bí tiwa, ni wọ́n sì ru ẹrù dé ibẹ̀. Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé tí a fi ròyìn iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ejìká wọn, kò sí awò, kò sí àwòrán.

Ní ti ojú ọjọ́, wọ́n ní ìrètí pé òjò yóò ti dáwọ́ dúró kí oṣù Karùn-ún tó parí, ó sì dáwọ́ dúró lóòótọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù náà. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 gan-an, òjò ńlá kan ṣú, ó sì rọ̀ bí ẹni pé a rán an níṣẹ́. Nígbà tí ó dá, ìkùukùu ṣì bo ojú ọ̀run. Òkùnkùn náà dé lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ó sì gba ìṣẹ́jú márùn-ún àti ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Eddington kò tilẹ̀ ráyè gbójú sókè wo ẹwà rẹ̀ dáradára. Ó ń pààrọ̀ àwo dígí tí a fi ń ya àwòrán, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n fi pé 16. Nínú gbogbo wọn, àwọn ìkẹyìn nìkan ni ìràwọ̀ hàn lára wọn, nígbà tí ìkùukùu fẹ́lẹ́ díẹ̀. Méjì péré ni a sì rí lò fún ìwọ̀n náà. Ní Sobral, ojú ọ̀run là, ṣùgbọ́n oòrùn ti mú ohun èlò wọn tí ó tóbi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán rẹ̀ fi di bàìbàì. Awò kékeré kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ àlùfáà Jesuit kan, tí wọ́n mú lọ bí ẹní mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ, ni ó fún wọn ní àwòrán tí ó dára jùlọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún náà, a kéde ní Lọ́ńdọ̀nù pé ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀, bí Einstein ti wí.

Mo pẹ́ lórí ìtàn yìí nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú yíyan ibi ìdúró. Wọ́n yan ọjọ́ dáradára, wọ́n yan ibi dáradára, wọ́n sì wádìí òjò. Òjò ṣì rọ̀. Ohun tí ó gbà wọ́n là ni pé wọ́n wà ní ibi méjì.

Ohun ìyanu kan tún wà nínú ọ̀ràn yìí tí n kò lè ṣe aláìsọ. Òkùnkùn ọ̀sán ní ìdílé. Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ará Babiloni ti wòye pé lẹ́yìn ọdún 18 àti nǹkan bí ọjọ́ 11, pẹ̀lú wákàtí mẹ́jọ, oòrùn, òṣùpá àti ayé a máa padà sí ìtò kan náà. Nítorí wákàtí mẹ́jọ yẹn, ayé a ti yí ìdá kan nínú mẹ́ta, òjìji a sì bọ́ sí ìhà mìíràn ní ayé. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ọdún 54 àti nǹkan bí oṣù kan, yóò padà wá sí agbègbè ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Òjìji Príncipe ti ọdún 1919 padà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1973, ó sì gba aṣálẹ̀ Sahara kọjá láti Mauritania dé Niger àti Chad, títí dé Kenya. Òun kan náà ni yóò padà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2027, tí yóò gba àríwá Adúláwọ̀, tí yóò sì bo Luxor ní Ejibiti fún ohun tí ó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjìji tí ìyá mi rí ní ọdún 1947 padà ní oṣù Kẹfà ọdún 2001, ṣùgbọ́n ó ti sún sí gúúsù, Angola àti Zambia ni ó bò. Ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé kí o dúró sí ilé, yóò padà wá bá ọ, kò sọ gbogbo òtítọ́ náà.

Ti ọdún 1973 gùn ju ìṣẹ́jú méje lọ, ó sì fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá sí aṣálẹ̀. Wọ́n rò pé níbi tí òjò kò sí, kò sí ìyọnu. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan lọ sí Chinguetti ní Mauritania láti tún wọn títẹ̀ ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹ̀fúùfù gbé iyanrìn dìde, erukuru sì bo ojú ọ̀run. Èyí jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwa tí a mọ ọyẹ́: ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu kì í fi ìgbà gbogbo mọ́. Àwọn mìíràn kúkú fi ilẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú Concorde ní Las Palmas, wọ́n bá òjìji náà sáré lókè ìkùukùu, wọ́n sì wà nínú òkùnkùn fún ìṣẹ́jú 74 kí wọn tó sọ̀kalẹ̀ sí Fort-Lamy, ìlú tí a ń pè ní N'Djamena nísinsìnyí. Kò sí ẹni tí ó tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ rí ṣáájú wọn. Èmi kì yóò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: fèrèsé kékeré ni wọ́n fi wò ó, kò sí adìyẹ níbẹ̀ tí yóò wọlé sùn.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ọdún 1947. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, òjìji ti Chile là á já sí Brazil, ó kọjá òkun, ó gba Liberia àti Gold Coast wọ gúúsù Nàìjíríà lẹ́yìn ọ̀sán. Àwọn ọlọ́gbọ́n Amẹ́ríkà kó awò àti ọkọ̀ òfurufú lọ sí Bocaiúva ní Brazil, àwọn ará Rọ́ṣíà fi ọkọ̀ ojú omi wọn lọ sí etíkun Brazil pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ òjò wa ní oṣù Karùn-ún kì yóò bi wọ́n léèrè ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé, ní tiwa, òkùnkùn náà wá bá àwọn tí kò yan ibì kankan: ọmọdébìnrin kan tí ó ń ṣa igi ìdáná ni ìyá mi, ó gbójú sókè, ó sì rí i.

Bí Òṣòdì ti wọ inú ọ̀ràn yìí ni mo wá dé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń gba ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ kọjá lójoojúmọ́ láìbìkítà. Níbẹ̀ ni a ti ń wọn òjò Òṣòdì láti ọdún pípẹ́, tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Irú ìwé àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń wá ibi ìdúró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè, nítorí ìrántí ènìyàn a máa tàn án jẹ. Ó sọ fún wa pé oṣù Kẹfà ni òjò Èkó pọ̀ jù, pé ó rọlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, àti pé oṣù Kejìlá àti oṣù Kìn-ín-ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ṣùgbọ́n kò tó láti mọ oṣù nìkan. Wákàtí ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kẹta, lẹ́yìn ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́ ni ìjì òjò sábà máa ń dé sí wa, nígbà tí òwúrọ̀ etíkun lè ní ìkùukùu tí ó ti òkun wá, tí oòrùn a sì máa tú u ká díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ń lọ sí àríwá, ìkùukùu a máa dín kù, erukuru a sì máa pọ̀ sí i.

Mo dárúkọ oṣù Kẹta nítorí ìdí kan. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2034, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí, òjìji òṣùpá yóò tún gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá lọ sí Cameroon àti Chad, níbi tí yóò ti pẹ́ jù, ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀, kí ó tó lọ sí Sudan, Ejibiti, Arébíà àti ìlà-oòrùn títí dé China. Àwòrán ọ̀nà rẹ̀ ti wà ní títẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kí ó wá àwòrán náà, kí ó wo ìlà méjì tí ó jẹ́ ààlà òjìji, kí ó sì rí i dájú pé òun wà láàárín wọn. Kí ó má ṣe dúró ní etí ààlà pẹ̀lú, nítorí ní etí, òkùnkùn kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, ní àárín ni ó ti ń pẹ́. Bí ọ̀nà méjì bá wà, ọ̀kan tí ó ní títì dáradára tí ènìyàn lè fi sún sí iwájú tàbí sẹ́yìn ní òwúrọ̀ náà bí ìkùukùu bá dé, sàn ju orí òkè tí ó lẹ́wà tí kò ní ọ̀nà àbájáde. Ẹni tí ó mọ bí ọkọ̀ ti ń dí ní Òṣòdì kì yóò dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí ó tó jáde.

Ní ti ojú, mo bẹ̀ yín. Dígí tí a fi èéfín kùn kò tó, àwo omi tí àwọn bàbá wa ń wò pẹ̀lú kò tó, nítorí oòrùn inú omi náà a máa ba ojú jẹ́. Awò tí a ṣe fún un ni kí a lò, tàbí kí a lu ihò kékeré sára páálí kí a sì wo àwòrán oòrùn nílẹ̀ bí ti abẹ́ igi máńgòrò wa. Ìgbà tí oòrùn bá bò tán nìkan ni a lè fi ojú lásán wò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tún yọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kan létí òṣùpá, kí a dá awò padà sójú.

Ìyá mi sùn ní ọdún 2015. Mo ti fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi méjì lórí àwòrán ilẹ̀ mi, ọ̀kan lẹ́bàá etíkun, ọ̀kan ní òkè sí i, ní ìlà àárín gan-an. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú, lẹ́yìn ìsìn, n ó béèrè lọ́dọ̀ àwọn olùṣàkíyèsí ojú ọjọ́ kí n tó yan èwo nínú méjèèjì. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti ní àwọn yóò bá mi lọ, ẹni tí ó kéré jù nínú wọn sì ti ní òun yóò gbé adìyẹ kan dání.